Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Kọ̀wé Sínú Aró

Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì oníṣẹ́ rédíò kan ní Alékúwodò, l'Óṣogbo, tí wọ́n fi bírò pupa kọ "LẸ́ǸSÌ" sí lára. Bí ẹ̀rọ síídì bá kọ̀ tí kò ka dísìkì mọ́, oníṣẹ́ á tú u, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fi òwú nù ún. Bí kò bá tún gbọ́, á ní, "Lẹ́ǹsì ẹ̀ ti kú." Kì í ṣe awò tín-ń-tín tó wà lókè nìkan ló ń pè bẹ́ẹ̀. Gbogbo orí tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lábẹ́ dísìkì ni, pẹ̀lú máàgínẹ́ẹ̀tì, wáyà wínníwínní àti dígí inú rẹ̀, títí dé orí èyí tó kéré jù níbẹ̀, tó sì ṣe pàtàkì jù: dáyóòdù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú inú páálí yìí kò kú. Mọ́tò ẹ̀rọ wọn ló jó, tàbí pánẹ́ẹ̀lì ló bàjẹ́, tàbí kí olówó rẹ̀ kàn sọ ọ́ nù lọ́jọ́ tí fíláàṣì àti fóònù gba ipò síídì. Àwọn tó lágbára jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n yọ lára bọ́ọ̀nà DVD, ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sí dísìkì, nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè báyìí, nítorí pé èèyàn lè yọ dáyóòdù inú wọn, kó fún un ní iná tó tọ́ sí i, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lésà tó lè dá ihò sí ọ̀rá dúdú lára láìfara kàn án.

Òǹkọ̀wé yìí ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù náà láti ìgbà tí síídì ṣì ń jẹ́ síídì. Nígbà náà, kò sí ìnáwó tí wọn kì í bọ́ọ̀nù síídì rẹ̀. Wọ́n á gbé ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ẹbí á ti máa bèèrè tiwọn. Bọ́ọ̀nà márùn-ún, mẹ́fà á máa yí lẹ́ẹ̀kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn onífídíò, ooru á máa tú jáde lẹ́nu wọn. Fíìmù Yorùbá pàápàá, dísìkì méjì ló sábà máa ń wà nínú páálí rẹ̀, torí pé fídíò síídì kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga láti lọ pààrọ̀ dísìkì níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn jù, ó ti bá lésà gbé ilé kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀rọ tó ń ka dísìkì àti ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́, ìyàtọ̀ wọn dà bí ìyàtọ̀ ẹni tó ń wo aṣọ àti ẹni tó ń pa á láró. Èyí tó ń kà kò nílò ju ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ. Mílíwáàtì mélòó kan ti tó o. Èyí tó ń kọ gbọ́dọ̀ jó nǹkan. Kí ló ń jó? Aró ni.

Ọmọ Òṣogbo, ìlú aró, kò yẹ kó gbọ́ èyí kó má dúró díẹ̀. Dísìkì òfìfo tí a lè kọ nǹkan sí ní ìpele aró tẹ́ẹ́rẹ́ kan, láàárín ike rẹ̀ àti ìpele tó ń dán bíi dígí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Taiyo Yuden ní Jàpáànù gbé irú dísìkì bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1988, aró tí wọ́n ń pè ní cyanine ni wọ́n fi sí i. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àwọ̀ búlúù ni wọ́n ti fa orúkọ yẹn yọ. Orísun kan náà ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko sọ èlú ti wá: Lonchocarpus cyanescens. Èlú yìí náà ni àwọn ìyá wa ń gún, tí wọ́n ń rẹ sínú omi eérú, tí ọwọ́ wọn sì ń dúdú bọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Kì í ṣe pé èlú wà nínú síídì o. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti ń po aró tiwọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà jọra. Lésà bọ́ọ̀nà á gbóná mọ́ aró lójú kan, aró á yí padà níbẹ̀, lésà á fo ibi tó tẹ̀ lé e, á tún jó ibòmíràn. Ibi tó yí padà àti ibi tí kò yí padà ni ẹ̀rọ máa kà lẹ́yìn náà, tí á di orin, tí á di àwòrán ìyàwó tó ń jó. Aládìrẹ mọ ọ̀nà yìí tipẹ́: ibi tí aró dé àti ibi tí kò dé, àwọn méjèèjì ló jọ ń sọ̀rọ̀ lára aṣọ.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ní nǹkan í sọ. Wúrà ni wọ́n fi ṣe ìpele tó ń dán nínú àwọn dísìkì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, kó tó di pé fàdákà wọ́pọ̀. Wúrà náà ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé iná wọ inú dáyóòdù, okùn tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ní Ìperíndó, tí kò jìnnà sí Iléṣà, ni ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá wà. Oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní wúrà Ìperíndó ló wà nínú páálí Alékúwodò. Àmọ́ aró kì í ṣe àjèjì sí wa, wúrà kì í ṣe àjèjì sí wa, ìdí sì nìyẹn tí inú òǹkọ̀wé yìí kì í fi í dùn bí àwọn èèyàn bá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ní, "Ọgbọ́n òyìnbó ni," tí wọ́n sì yí ojú kúrò.

Ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California, pẹ̀lú ọ̀pá òkúta rúbì kan. Ní 1962, Robert Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ General Electric mú kí kírísítà kékeré kan ṣe irú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n inú òtútù tó le ju ti yìnyín lọ fíìfíì nìkan ló ti lè tàn. Ọdún 1962 yẹn kan náà ni wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládípọ̀ ti ń ṣe eré. Ó di 1970 kí dáyóòdù lésà tó lè máa tàn nínú yàrá lásán láìdáwọ́ dúró. Síídì bọ́ sọ́jà ní 1982, DVD ní 1996. Ohun tó gba àwọn onímọ̀ ní ogún ọdún ló wá ń yí gbirigbiri nínú páálí lábẹ́ tábìlì.

Ó yẹ ká rántí ẹnì kan níbí. Jimoh Buraimoh, ọmọ Òṣogbo tí ayé mọ̀ sí ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, iṣẹ́ iná ló ń bá ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ ṣe kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Wáyà àti iná orí ìtàgé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nílùú yìí, oníṣẹ́ iná àti oníṣẹ́ ọnà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Alẹ́ ọyẹ́ kan ni òǹkọ̀wé yìí rí i bí wọ́n ṣe ń yọ dáyóòdù. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ń ríran. Ọmọ iṣẹ́ kan, tó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga láàárín ọ̀sẹ̀, ti tú sukurú mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ bọ́ọ̀nà, ó ti ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì fẹ́ na ọwọ́ sí lẹ́ǹsì.

"Fọwọ́ kan irin ná," ni ọ̀gá rẹ̀ wí.

"Mo ti fọwọ́ kàn án, Ọ̀gá."

"Tún un kàn."

Ìdí wà. Lásìkò ọyẹ́, ẹni tó bá bọ́ súwẹ́tà nínú òkùnkùn á gbọ́ tó ń ta pàràpàrà, á sì rí iná wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Iná yẹn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù fún dáyóòdù. Èyí tí kò tilẹ̀ ta, tí ọwọ́ kò mọ̀ pé òun gbé, ó lè pa á. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ náà yọ ẹyọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáyóòdù pọ̀ kí iná kankan má baà rí ọ̀nà gba àárín wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbé irin sọ́dà, tó yọ́ léèdì kúrò níkọ̀ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ dáyóòdù mọ́ irin tó gbé e dání. Wọ́n mú irin náà gbóná díẹ̀, wọ́n fi ẹnu sukurudáráfà tì í láti ẹ̀yìn, ó sì bọ́ sórí ìnuwọ́: fìlà irin róbótó kan tó fẹ̀ tó mílímítà 5.6, ojú dígí lórí, ẹsẹ̀ mẹ́ta nísàlẹ̀. Kírísítà tó wà nínú rẹ̀ kéré ju hóró gaàrí lọ.

Bí a ṣe ń bọ́ ọ níná ni iṣẹ́ tó ku. Bí wọ́n bá so ó mọ́ bátìrì tààrà, ó parí nìyẹn. Áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní LM317 ni wọ́n máa ń lò. Ó máa ń di fóltì 1.25 mú láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì láìyẹsẹ̀, torí náà rẹ̀sísítọ̀ tí èèyàn bá fi sí àárín wọn ló máa sọ iye iná tó máa kọjá: óòmù 10 fún mílíáḿpù 125, óòmù 5 fún 250. Bátìrì méjì tí wọ́n tú lára láptọ́ọ̀pù tó ti kú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 3.7, ló gbé gbogbo rẹ̀.

Bí iná tó ń wọlé kò bá tó, pupa ṣìrìṣìrì ni dáyóòdù máa ń tàn, bíi gílóòbù kékeré iwájú rédíò. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kò ní yí padà, kò ní yí padà, lójijì á jí. Pupa ìṣáájú á kó ara rẹ̀ jọ, á mú bí abẹ́rẹ́. Einstein ti ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti 1917: ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan á kọjá lẹ́bàá átọ́ọ̀mù tí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, á mú kí ìyẹn náà tu ẹyọ mìíràn tó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀, tí àwọn méjèèjì á jọ máa gbẹ́sẹ̀ pọ̀. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, bí ìgbà tí ìlù bá gba ẹsẹ̀ gbogbo agbo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá wá fún un ní iná jù, ojú kírísítà náà á jó kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Á ṣì máa tàn pupa o, ṣùgbọ́n kò ní lè jó irun. "Ó ti di LED," ni àwọn oníṣẹ́ máa ń wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú.

"Ọ̀gá, ṣé kí n tàn án?"

"Gíláàsì ńkọ́?"

"Ó wà lójú mi, sà."

Ó tàn án. Ojú pupa kan yọ sára ògiri, kò sì dúró jẹ́ẹ́. Ó ń ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn dídán sínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì lésà nìyẹn, torí pé gbogbo ìgbì rẹ̀ jọ ń rìn ni, bí wọ́n bá sì kọ lu ògiri tí kò dán, wọ́n á máa pàdé ara wọn, wọ́n á máa pa ara wọn. Wọ́n fẹ́ bàlúù méjì. Èyí tó funfun kàn dúró lójú ìtànṣán náà láìmìrá. Èyí tó dúdú bẹ́. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ dúdú lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun lọ́sàn-án gangan mọ ìdí rẹ̀.

Ibi bàlúù yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ dúró sí, ibẹ̀ náà sì ni ọkàn òǹkọ̀wé yìí kì í balẹ̀. Lésà kékeré tí àwọn olùkọ́ fi ń tọ́ka sí ojú pátákó kò yẹ kó ju mílíwáàtì 5 lọ. Dáyóòdù bọ́ọ̀nà lè fi tìrọ̀rùntìrọ̀rùn lé ní 100. Bí ìtànṣán bẹ́ẹ̀ bá wọ ojú, awò ẹyinjú fúnra rẹ̀ á kó o jọ sí ibi tín-ń-tín kan lẹ́yìn ojú, tí agbára rẹ̀ lórí ibẹ̀ á di ìlọ́po nǹkan bí 100,000. Ìpéǹpéjú ń gba nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kó tó pa dé. Kó tó pa dé, ohun tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Òǹkọ̀wé yìí kò ka èyí nínú ìwé nìkan. Nígbà èwe rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá lẹ́ǹsì ṣì wà láàyè ni pé kí wọ́n bẹjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n bá rí pupa fírífírí, ó wà láàyè. Ó ti bẹjú wo ẹ̀rọ tó ń kà lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ewu. Lọ́jọ́ kan, ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, bọ́ọ̀nà ló bẹjú wò. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń rí àbàwọ́n eléérú kan láàárín gbogbo ohun tó bá ń kà, tí á máa bo lẹ́tà kan tí á máa fi èkejì sílẹ̀. Àbàwọ́n náà lọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni tirẹ̀ ń lọ.

Èyí tó tún burú jù ni pé méjì ni dáyóòdù tó wà nínú bọ́ọ̀nà DVD. Aró náà ló fà á. Ìmọ́lẹ̀ pupa DVD, tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650, kò lè ka síídì tí wọ́n bọ́ọ̀nù, nítorí aró síídì ń gbé e mì dípò kó dá a padà. Wọ́n wá fi dáyóòdù kejì sí i, ti nánómítà 780, tó rékọjá ibi tí ojú ti ń ríran dáadáa. Ojú kò rí i, ìpéǹpéjú kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun pa dé. Kámẹ́rà fóònù ni ọ̀gá Alékúwodò fi ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Gíláàsì tó sì ń fún ọmọ iṣẹ́ wọ̀ kì í ṣe ti oòrùn tí wọ́n ń tà ní ìkòríta Ọláìyá. Èyí tí wọ́n ṣe fún lésà pupa ni, aláwọ̀ búlúù. Aró ló wà nínú ike rẹ̀, òun ló ń gbé pupa náà mì kó tó dé ojú. Ó gbówó lórí ju gbogbo nǹkan tó kù lórí tábìlì lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Bóyá ẹnì kan á ní kí wọ́n kúkú kó páálí náà dànù. Òǹkọ̀wé yìí kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel lórí pàǹtírí eléwu tó wà n'Íbàdàn ṣọ́ èbúté Èkó ní 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ oníná àlòkù tó ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dọọdún lé ní 60,000 tọ́ọ̀nù. Apá kan nínú rẹ̀ dé pẹ̀lú àìsàn. Wọn kò fi ìwé bí a ṣe ń tú u ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá tú u pẹ̀lú ọgbọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ iná ààtàn. Ní Lomé, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou fi ara sìkánà àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa tì ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan olójú mẹ́ta jáde, ní ibùdó ìṣẹ̀dá WoeLab, tayé sì gbọ́. Ní Yunifásítì Cape Coast ní Gánà, níbi tí wọ́n ní ibùdó ìmọ̀ lésà, Paul Buah-Bassuah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2004: wọ́n tan lésà elésè àlùkò sára ewé ẹ̀wà, wọ́n sì ka pupa tí ewé náà ń tú jáde, kí wọ́n lè fi mọ irú ẹ̀wà tí yóò so dáadáa. Ewé ẹ̀wà! Èyí ló wu òǹkọ̀wé yìí ju bàlúù lọ. Ẹ̀wà kò wọ́n ní Ọ̀ṣun, àgbẹ̀ kò wọ́n, ọwọ́ tó mọ irin sọ́dà kò sì wọ́n ní Alékúwodò.

Ó jọ pé ọmọ iṣẹ́ náà ń ro irú rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ iṣẹ́ náà ti pa dáyóòdù bọ́ọ̀nà tì, ó lọ mú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ DVD lásán, èyí tó ń kà, tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó gbé e sẹ́bàá ògiri, ó kọ ojú rẹ̀ sí síídì fíìmù àtijọ́ kan tó fi bíríkì tì ní mítà kan. Ìmọ́lẹ̀ lọ, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara síídì pín in, ó padà wá di ojú mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ jù lára ògiri: ọ̀kan láàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó fi rúlà wọn ojú àárín sí ti ẹ̀gbẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 44 àti díẹ̀. Ó jókòó, ó ṣírò ó sẹ́yìn ìwé risíìtì ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ wò ó, sà. Àlàfo tó wà láàárín ìlà kan sí ìkejì lára síídì yìí, máíkírómítà 1.6 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé wí."

"Gbé DVD síbẹ̀ ká wò ó," ni ọ̀gá rẹ̀ wí.

Ìlà DVD sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó ṣe pààrọ̀ dísìkì náà, ojú ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ fò kúrò níbi tó wà, wọ́n wá a lára ògiri, wọn kò rí i. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ rí i lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, lára férémù ilẹ̀kùn, ó lé díẹ̀ ní mítà 1.8 sí àárín. Ọmọ iṣẹ́ náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fa ìlà yí i ká.